Ẹgbẹ̀rún Wáàtì Tadjoudine

Ẹ ti fura, n kò sì ní tàn yín. Ọmọkùnrin tó bá fi mítà ìwọn-iná kọ́ bẹ́líìtì bí ọlọ́pàá ti ń fi ìbọn kọ́ tirẹ̀, tó kó bírò aláwọ̀ mẹ́rin sí àpò àyà, tó sì ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa pe òun ní Ingénieur nígbà tí ìdánwò ṣì wà níwájú, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò purọ́ lọ́jọ́ kan. Tadjoudine ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó sì ń kọ́ nípa iná ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Yopougon. Ohun tí ẹ kò tíì mọ̀ ni bí irọ́ náà ṣe tóbi tó, àti ẹni tó tú u láìmọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Madame Aka, olùkọ́ wọn, gbọn ẹfun kúrò lọ́wọ́, ó wo kíláàsì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Èmi ni mo ń yí i padà fún yín.

"Ẹni kọ̀ọ̀kan yóò wá ohun kan tó ń lo iná nílé," ni ó wí. "Ẹ ó wọn agbára rẹ̀. Ẹ ó kọ bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n àti iye tí ẹ rí. Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ gba ìwé yín. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ni mo máa fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Vridi."

Ní Vridi, lẹ́bàá omi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Abidjan, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń tún iná inú ọkọ̀ ojú omi ṣe. Lọ́dọọdún, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbà fún ìkọ́ṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ìsinmi. Tí ọmọ náà bá ṣe é parí, wọ́n á fún un ní ìwé tó ní òǹtẹ̀, ìwé náà sì máa ń ṣílẹ̀kùn tí ẹ̀bẹ̀ kò lè ṣí. Ọmọ ogójì ló wà nínú kíláàsì. Àyè kan ló wà.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ni Kader wí láti ẹ̀yìn, òun ni aláwàdà kíláàsì. "Ingénieur ti ra bàtà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Tadjoudine pàápàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kò dénú. Òótọ́ ni Kader sọ. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Tadjoudine ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé àyè Vridi ti di tòun. Ìyá rẹ̀, tó ń ta abọ́ oníke ní Siporex, kò béèrè ẹ̀rí. Ó ra bàtà iṣẹ́ tí wọ́n fi irin sí imú rẹ̀, ó jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ ọmọ ṣì ń dàgbà, ó sì sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀ pé ọmọ òun ń lọ tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Àwọn obìnrin náà ti ṣàdúrà lé e lórí. Ẹ wo bí ènìyàn yóò ṣe dá irú àdúrà bẹ́ẹ̀ padà.

Ọmọbìnrin kan nawọ́. Aqeelah ni, ọmọ àdúgbò Boribana, tí kì í sábà sọ̀rọ̀.

"Madame, bí ohun tó wà nílé ẹni bá kéré ńkọ́?"

"Mi ò ní kó tóbi," ni Madame Aka dáhùn. "Mo ní kó jẹ́ òótọ́."

Gbogbo kíláàsì ló gbọ́ gbólóhùn yìí àfi Tadjoudine. Ó ń yí bírò rẹ̀ láti orí búlúù sí orí pupa.

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀.

Alàájì Rùfáì, ọmọ Ìgbòho, ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Abidjan. Rédíò ọkọ̀ ló ń tà, àti sípíkà, àti ẹ̀rọ onírin pẹlẹbẹ tó ń fún ohùn rédíò lágbára, èyí tí gbogbo ará Siporex ń pè ní ampli. Nínú ṣọ́ọ̀bù náà, iye wáàtì tí wọ́n tẹ̀ sára páálí ni wọ́n fi ń pe ampli kọ̀ọ̀kan. "Gbé Cinq cents wá." "Mille kù mélòó?" Cinq cents ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, Mille ni ẹgbẹ̀rún. Orúkọ lásán ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe lè sọ ọmọ ní Akin kí ó sì máa sá fún aláǹgbá.

Awakọ̀ takisí kan ti gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Deux mille, ẹgbẹ̀rún méjì, sórí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ pa á lára.

"Alàájì, ṣé deux mille yìí, deux mille ni lóòótọ́?"

"Orúkọ páálí nìyẹn, ọmọ mi. Fíúsì ni kí o wò." Alàájì yí ampli náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ṣírò àádọ́ta lọ́nà méjìlá, ẹgbẹ̀ta, ní Faransé. "Fíúsì méjì ló ní. Vingt-cinq, vingt-cinq: cinquante. Bátìrì ọkọ̀ rẹ, douze. Cinquante lọ́nà douze, six cents. Ohun tó lè wọ inú rẹ̀ nìyẹn kí fíúsì tó jó. Ohun tó ń jáde kò lè tó bẹ́ẹ̀, nítorí ooru náà á jẹ tirẹ̀."

"Ṣé páálí wá purọ́ ni?"

"Páálí kì í purọ́. Páálí ń yangàn."

Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ra èyí tó kéré jù ú lọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ tayọ̀tayọ̀.

Tadjoudine wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù nígbà yìí, ó ń ya wáyà pupa sọ́tọ̀ kúrò lára dúdú. Ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ òjò. Lójú tirẹ̀, ọlọ́jà ni bàbá òun, ìmọ̀ ọlọ́jà kò sì wọ inú ìwé. Ó gbé ampli tí wọ́n ń pè ní Mille kalẹ̀, ó so ó mọ́ sípíkà rẹ̀ àti bátìrì ọkọ̀ kan tó wà nílẹ̀, ó sì pe àbúrò rẹ̀.

Nimotou jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Bọ̀ọ̀dá, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un débi tí ọ̀wọ̀ náà fi ń jọ yẹ̀yẹ́ nígbà míì.

"So fóònù mọ́ ọn, kí o sì tan ohùn ìdánwò," ni Tadjoudine wí. "Má fi orin sí i. Orin ń lọ sókè sódò, mítà kò ní rójú kà á. Ohùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́."

Sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí kùn ṣáá bí ẹ̀fọn inú ìgò. Tadjoudine gbé agbára rẹ̀ sókè títí dé ibi tí ohùn náà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ha, ó dín in kù díẹ̀, ó sì yọ wáyà sípíkà. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó yí mítà sí ibi tí wọ́n ti ń wọn iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ó sì ti ẹnu rẹ̀ méjèèjì bọ ibi tí wáyà sípíkà ti jáde. Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ náà ṣe. Ìbànújẹ́ ìtàn yìí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ló wà.

Mítà bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lò, ògbólógbòó kan tó ní abẹ́rẹ́, tí kì í béèrè bátìrì láti wọn fóltì. Abẹ́rẹ́ náà rọra gòkè, ó dúró sí méjìlélọ́gbọ̀n.

Madame Aka ti kọ́ wọn ní ìṣirò rẹ̀: sọ fóltì di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí o sì fi iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn sípíkà pín in. Mẹ́rin ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn sípíkà ti Mille. Tadjoudine ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé àjákọ rẹ̀, ó fi pẹ́ńsùlù ṣe é. 32 × 32 ÷ 4 = 256.

Ó wo 256. Ó wo páálí tó sọ pé 1000. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ ya láàrin ọjà.

"Mítà Bàbá ti gbó," ni ó wí. Ó tú tirẹ̀ kúrò ní bẹ́líìtì. Onínọ́ńbà ni tirẹ̀, tuntun, aláwọ̀ ọsàn. Ó fi ẹnu rẹ̀ kan ibẹ̀. Ojú mítà tàn: 65.

Lọ́tẹ̀ yìí, bírò ló mú. 65 × 65 ÷ 4 = 1056. Ó ju ti páálí lọ pàápàá.

"Bọ̀ọ̀dá," ni Nimotou wí, "àwòrán bátìrì kékeré kan ń ṣẹ́jú lójú mítà yín."

"Mo rí i."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé bí bátìrì mítà bá ti ń kú, iye tó ń sọ máa ń ga ju òótọ́ lọ?"

"Ìgbà míì ni. Kì í ṣe gbogbo ìgbà."

"Ti Bàbá kò nílò bátìrì."

"Nimotou, ta ni olùkọ́ níbí?"

"Madame Aka ni."

Bátìrì tuntun wà lórí pẹpẹ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí i. Kò bá ti gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti pààrọ̀ rẹ̀. Ó wo bátìrì náà. Lẹ́yìn náà ó ronú kan bàtà onírin imú, ó ronú kan ẹgbẹ́ àsàlátù, ó ronú kan bí 256 yóò ṣe dún lẹ́nu Kader. Ó fi ìka pa pẹ́ńsùlù ojú ewé ẹ̀yìn rẹ́, nítorí kò ní ìparẹ́ lọ́wọ́, ó padà sí iwájú ìwé, ó sì fi bírò pupa kọ 1056. Ó fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Mítà náà kò fi ju ìlọ́po méjì lé díẹ̀ purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sọ fóltì di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, irọ́ inú rẹ̀ náà á bá a pọ̀ sí i: irọ́ méjì wọlé, irọ́ mẹ́rin jáde.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, Madame Aka ń ka iye tí wọ́n mú wá sókè. Kader wọn gílóòbù ilé wọn, ó rí mẹ́sàn-án, iye tí wọ́n kọ sára gílóòbù náà gan-an. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Aqeelah wọn fáànù ìyá rẹ̀, ó rí méjìdínláàádọ́ta. Ó sì fi kún un pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun wọ̀n ọ́n nítorí ìgbà àkọ́kọ́ òun ṣì í. Kíláàsì tún rẹ́rìn-ín. Aqeelah tẹrí mọ́lẹ̀.

"Tadjoudine," ni Madame kà. "Ampli ọkọ̀. Mille cinquante-six."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tilẹ̀ súfèé. Tadjoudine tọ́ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀.

Madame Aka ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Bí o ṣe wọ̀n ọ́n yìí, ó dára púpọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó gbìyànjú rẹ̀ nínú yín." Ó fi ìka tẹ 1056. "Iye náà ju ti páálí lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Madame. Ojúlówó ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Monsieur Olújídé láti Vridi ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti wá mú ọmọ tó máa gbà. Màá ní kó pàdé wa ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ ní agogo mẹ́wàá. Ìwọ ni wàá tún un wọ̀n níṣojú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè wá wò."

Tadjoudine dúpẹ́. Kí ni ì bá tún ṣe?

*

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Mítà tó fi ń kọ́ ìdí kiri ìgboro, ó ti tú u, ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó tẹ́ ẹ sínú páálí bàtà bí ọmọ tuntun. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi bátìrì tuntun sí i, yóò sọ òótọ́, òun gbé. Bí bátìrì náà bá kú pátápátá, ojú mítà yóò ṣókùnkùn, òun tún gbé. Ó ní láti máa kú lọ ni, kí ó má kú tán.

A ti rí ẹni tó gbàdúrà kí aláìsàn yè. A ti gbọ́ ti ẹni tó gbàdúrà kí aláìsàn kú kí ogún lè dé. Tadjoudine nìkan ni mo mọ̀ tó forí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí aláìsàn òun má yè, kí ó má sì kú, títí di agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la.

Lẹ́yìn ìrun, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé mítà alábẹ́rẹ́ bàbá rẹ̀, ó sì tì í sẹ́yìn àwọn páálí lábẹ́ tábìlì. Kò pẹ́ tí Alàájì bẹ̀rẹ̀ sí wá a.

"Ta ló rí mítà mi?"

"Bóyá ẹnì kan yá a, Bàbá."

Irọ́ kan kì í dá gbélé. Ó máa ń ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí ó délé, Nimotou ń fọ abọ́ ní ìdí ẹ̀rọ omi. Kò gbójú sókè.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ lọ bá Madame nísinsìnyí. Ẹ sọ pé ẹ ṣì í kà."

"Kí n wá sọ kí ni fún Màmá? Pé kí wọ́n dá bàtà padà?"

"Bàtà náà kò tíì tẹ ilẹ̀. Ó ṣì ṣeé dá padà."

"Wọ́n ti sọ fún gbogbo àsàlátù."

"Wọ́n lè tún sọ fún wọn pé ẹ ṣì í kà."

"Ìwọ kò mọ bí nǹkan ṣe ń rí."

"Òótọ́ ni," ni Nimotou wí. Ó da omi ìfọbọ́ nù. "Mo kàn mọ bí bátìrì ṣe ń rí."

Tadjoudine fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ẹ gbà mí gbọ́, ó wọ sálúbàtà, ó dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti pàdé rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lórí, tó sọ fún un pé òun yóò ti ìsọ̀ òun pa ní ọ̀la kí òun lè wá fojú ara òun rí ọ̀gá Vridi. Tadjoudine ní, "Ó dáa, Màmá." Ó bọ́ sálúbàtà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ogún ọdún kẹ̀. Irọ́ mítà yìí kò rí ju ọjọ́ mẹ́rin lò.

*

Òjò ti fọ́n sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn ọmọ tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ gbàkà ń kígbe "Adjamé, Adjamé" ní ibùdókọ̀, ariwo náà sì ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Bí ọmọ mẹ́wàá ló wá láti kíláàsì. Kader wá nítorí eré, Aqeelah wá nítorí pé ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá Tadjoudine jókòó sórí páálí kan, ó gbé bàtà náà sórí itan nínú ọ̀rá dúdú. Ó ti rò ó pé bí ọ̀gá bá gbà á, ó yẹ kí ọmọ gbé e wọ̀ kí ọ̀gá rí i.

Monsieur Olújídé bá Madame Aka wọlé. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ìka rẹ̀ nípọn, àmì iná wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Kétu ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Abidjan ni wọ́n bí òun sí.

"Ẹ kú ọjà o, Alàájì."

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ jókòó. Ọ̀rinrin wà nílẹ̀, ẹ rọra."

"Kò séwu. Jẹ́ ká rí i, ọmọdékùnrin."

Tadjoudine tú áńkáṣíìfù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnu mítà yọ̀ kúrò níbi tó fi kàn. Nimotou di fóònù mú, ó wo ilẹ̀. Ohùn kan náà kùn, wọ́n yọ wáyà sípíkà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Tadjoudine tan mítà rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan kọjá tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ọkàn ọmọ náà sì bá a ṣókùnkùn.

Lẹ́yìn náà ó tàn: 71.

Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà, ó tilẹ̀ fi èènì sí i. Bátìrì náà ti sún mọ́ ikú sí i láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, irọ́ rẹ̀ sì ti ga sí i. Kader ṣe ìṣirò lórí fóònù rẹ̀: 1260.

"Mille deux cent soixante. Môgô, ampli yìí ń dàgbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Tadjoudine bá wọn rẹ́rìn-ín, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó ti bọ́. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tú ìdì ọ̀rá.

Monsieur Olújídé tajú wo mítà náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó yíjú sí Alàájì, tó ti ń kó páálí sọ́tọ̀ fún oníbàárà kan láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, tí kò sì mọ iye tí ọmọ rẹ̀ kọ sínú ìwé.

"Alàájì, ẹ jọ̀ọ́. Fíúsì mélòó ló wà lára rẹ̀?"

Inú Alàájì dùn pé ọ̀gá bi òun ní ohun tí òun mọ̀. Ó tẹ̀ba, ó fi ìka nu eruku ẹ̀gbẹ́ ampli náà.

"Ẹyọ kan ni, ọ̀gá. Trente." Ohùn rẹ̀ sì bọ́ sí bí ó ṣe máa ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọgbọ̀n di púpọ̀ lọ́nà méjìlá, 360. "Trente lọ́nà douze, trois cent soixante. Ohun tó lè wọlé nìyẹn. Ohun tó ń jáde kò ní tó bẹ́ẹ̀. Deux cent cinquante, deux cent soixante, ibẹ̀ náà ni. Ampli tó dára ni o. Èmi kì í tan oníbàárà."

Láàrin 250 sí 260 nìyẹn, ibi tí 256 wà gan-an. Àwọn ọmọ gbàkà ṣì ń pe Adjamé. Tadjoudine ń retí kí Kader rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rín ì bá sàn. Kader kò rẹ́rìn-ín. Alàájì wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sórí ampli náà. Ìyá Tadjoudine kò gbọ́ ìṣirò yé, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ọmọ tó bí. Ó tún ọ̀rá náà dì.

"Bátìrì mítà rẹ ń ṣẹ́jú," ni Monsieur Olújídé wí. "Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, ọ̀gá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ọkùnrin náà mi orí. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. "Ní Vridi, a máa ń rán ẹnì kan wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wà lára wáyà. Ẹnì kejì á dúró lókè, á máa ka mítà fún un. Bí ẹni òkè bá ka ohun tó wù ú, ẹni ìsàlẹ̀ ló máa kú. Nítorí náà, a kì í wá ẹni tó mọ̀ jù. Ẹni tó bá lè sọ ohun tó rí, kódà bí ohun tó rí bá kéré, òun là ń gbà." Ó yíjú sí àwọn ọmọ kíláàsì. "Ta ló wọn fáànù lẹ́ẹ̀mẹta tí Madame sọ fún mi?"

Aqeelah gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá wí.

Bí Aqeelah ṣe rí ọ̀nà Vridi nìyẹn. Bàtà náà tóbi jù fún un. Ìyá Tadjoudine bi í léèrè bóyá ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, nítorí obìnrin náà mọ ìwà hù. Kí ẹ̀yin tó ń kà á lè mọ̀: ẹni tó bá fi irọ́ kún ohun tó ní kí ó lè tóbi, èyí tó ní gan-an ni yóò pàdánù.

Àwọn yòókù ti ń tú ká. Tadjoudine jókòó sórí páálí tí ìyá rẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀. Madame Aka bá a níbẹ̀, ìwé àjákọ ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Iṣẹ́ rẹ ló dára jù nínú gbogbo kíláàsì," ni ó wí. "Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ fún Vridi. Kò sí iye tí ampli yẹn lè jẹ́ tí n kò ní fi rán ọ lọ, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ iye tí o rí. Èmi kò kàn gbà gbọ́ pé o kò rí nǹkan mìíràn."

Ó ń ṣí ìwé náà bí ó ti ń sọ̀rọ̀, títí ó fi dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Ó dúró síbẹ̀, ó sì yí i sí ojú Tadjoudine.

Ìka kì í pa pẹ́ńsùlù rẹ́ dáadáa. 32 × 32 ÷ 4 = 256.